Àwọn Orin Ọdún 1980 sí 1989: Èwo Ló Ṣẹ́kù, Kí Ló sì Mú Un Dúró?

Kì í ṣe gbogbo orin tó gbòde ló ń pẹ́ lẹ́nu. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwo orin ń jáde nílẹ̀ Yorùbá láìdáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tà rẹpẹtẹ, rédíò gbé wọn, wọ́n fi jó mọ́jú, síbẹ̀ lónìí kò sẹ́ni tó rántí ìbẹ̀rẹ̀ wọn mọ́. Àwọn mìíràn wà tí a kò kà sí bàbàrà nígbà náà, tí wọn kò sì kúrò nílẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ṣẹ́kù, kó má wulẹ̀ tú ìwé iléeṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Kó wá sí òde òkú àgbà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Díjè ló ń pàṣẹ ní irú òde bẹ́ẹ̀. Fíláàṣì tàbí fóònù kan ló mú dání, orin inú rẹ̀ sì ju èyí tó lè lù tán lọ́sẹ̀ kan. Orin àwọn ọ̀dọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń to àga, tí àwọn obìnrin ṣì wà nídìí ìkòkò àmàlà. Ìgbà tí àwọn àgbà bá jẹun tán, tí àwọn ọmọ olóòkú sì bọ́ sí gbangba nínú aṣọ ẹbí, á yí ọwọ́ padà. Sunny Adé ni, Obey ni, Barrister ni, Ṣínà Peters ni. Ìyá àgbà tó ti ń ráhùn orúnkún láti òwúrọ̀ á dìde, á tún gèlè rẹ̀ wé, á sì máa kọ orin náà ṣáájú ẹni tó ni ín. Kì í ṣe odindi orin ló ń kọ o. Ibì kan ló mọ̀, bí ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó sì mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo fìdí ọ̀rọ̀ mi sí. Lójú tèmi, orin tó pẹ́ lọ́dọ̀ wa ni orin tó ní ibi tí èèyàn lè yọ lára rẹ̀ kó gbé e lọ sílé, láìsí gìtá, láìsí ìlù, kó fi bá orí ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó fi kìlọ̀ fún ọmọ, tàbí kó fi bẹ Ọlọ́run. Èyí tí kò bá ní irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlù tí ẹsẹ̀ ò lè kọ̀. Èyí tí kò ní méjèèjì ti bá ìgbà lọ, bó ti wù kó lókìkí tó.

Ó yẹ ká rántí irú ìgbà tó jẹ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Èjìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú tiwa, wà nígbà náà. Ọjọ́ 27 oṣù August 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n wà báyìí, sílẹ̀. Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn ló ń mú orin tuntun dé etí wa. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Ṣàgàrí kéde ìṣọ́wó-ná ní 1982, àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù December 1983, wọ́n yí àwọ̀ náírà padà ní 1984, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP sì tẹ̀ lé e ní 1986. Rẹ́kọ́ọ̀dù wọ́n. Ẹni tó fẹ́ rà á á kọ́kọ́ ṣírò owó oúnjẹ ilé. Kásẹ́ẹ̀tì ló wá gba ipò rẹ̀, aládàkọ sì ń jẹ lórí iṣẹ́ olórin ju olórin fúnra rẹ̀ lọ. 1988 ni òfin tuntun tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti olórin tó jáde. Síbẹ̀, nínú ọ̀wọ́n gógó yẹn ni àríyá pọ̀ sí i, àwọn ẹgbẹ́ olórin sì ń pọ̀ sí i.

Ohun mìíràn tó yẹ ká mọ̀ ni bí àwo ìgbà náà ṣe rí. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú tàbí fújì máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún sí ogún, orin á sì wọnú orin láìsí ìdádúró: àdúrà, oríkì, òwe, ìlù, kí wọ́n tún padà sí oríkì. Orúkọ tó wà lẹ́yìn páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kì í ṣe orúkọ tí ará ìlú fi ń pe orin náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń da ọdún pọ̀. Mo ti gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n ń ka ìtàn ọkùnrin, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Ebenezer Obey kọ mọ́ orin ayé ìjọba ológun Bùhárí. Ọdún 1973 ló jáde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò gbó, ló fi dà bí tàná lójú wọn.

Sunny Adé ni ká fi ṣáájú. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní 1946, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọba Oǹdó ni, nítorí náà agbègbè wa kì í pè é lálejò. Lẹ́yìn ikú Bob Marley ní oṣù May 1981, iléeṣẹ́ Island tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ń wá ẹni tí wọn yóò gbé jáde láti ilẹ̀ Áfíríkà. Sunny Adé ni wọ́n mú. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bá wọn ṣe Juju Music ní 1982. Wọ́n gé àwọn orin náà kúrú kí etí òyìnbó lè gbà wọ́n. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Ní 1984, Stevie Wonder fun ohun èlò ẹnu nínú Aura. Lẹ́yìn ìyẹn ni iléeṣẹ́ náà fi í sílẹ̀, torí kò tà tó bí wọ́n ṣe rò. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin lókè òkun máa ń dárò rẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin náà ti tán. Ní ilé ńkọ́? Ó ń lọ ságbo àríyá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni.

Ohun tí a mú nínú gbogbo rẹ̀ ni “Jà Fún Mi”. Mo gbà pé òun ni orin tó dára jù nínú ẹ̀wádún yẹn, n kò sì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Orí ni olórin náà ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí kò ní orí: Mùsùlùmí, Onítẹ̀bọmi, olóògùn, gbogbo wa ló ní in, kò sì sí ẹni tí kò nílò kí orí òun gbèjà òun. Gìtá tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fi irin fà lórí okùn rẹ̀ ń dún lókè bí ohùn ẹni tó ń ronú, ìlù sì ń tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kánjú. Àwọn kan bínú pé òyìnbó gé orin wa kúrú. Èmi ò bá wọn bínú sí èyí. Gígé tí wọ́n gé e ló jẹ́ kí àdúrà náà dá dúró, kó má wọnú orúkọ olówó kankan, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ lè fi ṣe tirẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn wà tí a ti pa tì tí kò yẹ ká pa tì. Nígbà tí Bobby Benson kú ní oṣù May 1983, Sunny Adé ṣe àwo kan, Bobby ló sì pe orúkọ rẹ̀. Orin arò ni, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé jó sí. Olórin ń dárò olórin tó là á lójú ọ̀nà, ìlù kò sì fi ọ̀wọ̀ náà ṣeré. Àwọn díjè wa kì í sábà lù ú, torí ó gùn, ó sì fẹ́ kéèyàn jókòó tì í. Bí mo bá ní àṣẹ, ibi òkú àgbà ni mo máa sọ pé kí wọ́n lù ú, láti òkè délẹ̀, kí àwọn ọmọ olóòkú tó jáde jó.

Orin tí ó dúró jù lọ lẹ́nu àwọn ọmọdé kò ti ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá wá rárá. Christy Essien, tí a wá mọ̀ sí Christy Essien-Igbokwe, ọmọ Okat ní Onna ni, ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom báyìí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, ìlú Aba ló sì ti dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà náà mọ̀ ọ́n sí Apena nínú eré The New Masquerade. Ní 1981, ó kọ “Ṣeun Rere” ní èdè Yorùbá nínú àwo tí Lemmy Jackson bá a ṣe. Ìmọ̀ràn fún ọmọ ni: kó bọ̀wọ̀ fún òbí, kó hùwà dáadáa, kó lè dára fún un.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lónìí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lágbègbè Èjìgbò, nígbà tí tẹ́ẹ̀mù bá ń parí tí wọ́n pe àwọn òbí. Kò sí dùùrù, kò sí ẹ̀rọ. Olùkọ́ kan á gbé e, á tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ kí ohùn àwọn kékeré lè bá a, àwọn ọmọ á gbè é pẹ̀lú àtẹ́wọ́, àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lábẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ náà ni wọn ò tí ì bí nígbà tó jáde. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹnì kan ló kọ ọ́. Wọ́n rò pé orin ilé ni, bí orin òṣùpá. Obìnrin náà kú ní ọjọ́ 30 oṣù June 2011. Ó yẹ kí olùkọ́ máa dárúkọ rẹ̀.

Kí ló fà á tí ohùn àjèjì fi wọ̀ wá lára tó báyìí? Mo rò pé bó ṣe pe Yorùbá náà gaara wà lára rẹ̀. Kò fi òwe jíjinlẹ̀ hàn wá pé òun gbédè. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń sọ fún ọmọ lójoojúmọ́ ló mú, ó sì fi í sí ohùn tí kò ga ju ohùn ọmọdé lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń fi ìjìnlẹ̀ èdè ṣe fáàrí nínú àwo ọdún yẹn ni a kò gbọ́ orúkọ wọn mọ́.

“Wait for Me” tí Sunny Adé àti Onyeka Onwenu kọ ní 1989 tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló bí orin yẹn. Owó àwọn ará Amẹ́ríkà wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀dọ́ mú sùúrù kí wọ́n tó ṣègbéyàwó àti kí wọ́n tó bímọ. Ìmọ̀ràn náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Orin ìfẹ́ ló kù. Ibi ìgbéyàwó gan-an ni wọ́n ti ń lù ú. Ohùn Onyeka, ẹni tó kú ní oṣù July 2024, dára nínú rẹ̀ gidigidi. Ará ìlú mú èyí tó wúlò fún wọn, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó sanwó.

Bákan náà ni orin ìmọ̀ràn fún ìjọba. Wọ́n pọ̀ ní 1983 àti 1984, lẹ́nu olórin jùjú àti fújì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì bá ìjọba tí wọ́n kọ ọ́ fún lọ. “Which Way Nigeria” tí Sonny Okosuns kọ ní 1984 ló yàtọ̀. Ìbéèrè ló bi, a kò sì tíì dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí fújì, torí níbẹ̀ ni ìgbéléwọ̀n mi ti le. Inú wéré tí wọ́n fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadan ni fújì ti yọ. Síkírù Àyìndé Barrister, ọmọ Ìbàdàn tó ti ṣe sójà rí, ló sọ ọ́ lórúkọ, lára àwòrán òkè kan ní Japan tó rí ní pápákọ̀ òfurufú. Ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó dàgbà sínú wéré kò nílò àlàyé. Ìlù tó ti ń jí i láti kékeré ni, wọ́n kàn gbé e kúrò lójú ọ̀nà lọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù.

Àwọn tó bá ń sọ pé gbogbo orin ìgbà yẹn ló mọ́gbọ́n dání, tí orin ìwòyí kò sì ní láárí, kí wọ́n lọ gbọ́ ohun tí Barrister àti Kollington Àyìnlá fi ń bá ara wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹ̀wádún náà. Èébú pọ́ńbélé ló wà nínú àwọn ibì kan. Wọ́n rà á bí ẹni ra búrẹ́dì, àwọn èèyàn pín sí ìhà méjì, ọ̀rẹ́ bá ọ̀rẹ́ jà nítorí rẹ̀. Kí ló kù níbẹ̀? Kò sí. Ìlù rẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ wá a kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé lọ síbì kankan. Ẹni tó ń bú ẹnì kejì rẹ̀ nìkan ló ni èébú náà. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ ẹ.

Fújì Gàábéèjì tí Barrister ṣe ní 1988 ni tirẹ̀ tó dúró jù, ó sì dúró nípa ọ̀nà kejì tí mo wí, ọ̀nà ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí bí ó ṣe ṣí i: ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ wá, ohùn tó há díẹ̀ nínú ọ̀fun bíi ti akéwì mọ́ṣáláṣí, ìlù á sì wọlé níkọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi kún. Nígbà tí gbogbo wọn bá pé, àlàfo tó wà láàárín ìlù kan àti èkejì ni ẹsẹ̀ oníjó ń bọ́ sí. Àwọn ọmọ tó ń jó o lóde báyìí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò sì nílò rẹ̀. Barrister kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù December 2010, ìlù náà kò tíì sinmi. Wàsíù Àyìndé, tó ti bá a gbé ẹrù ìlù rí, ti gba ọ̀nà yẹn ṣáájú pẹ̀lú Talazo '84 ní 1984. Mo gbà pé orin ọ̀dọ́ ni àwo yẹn, kò tó ti ọ̀gá rẹ̀, bí òkìkí rẹ̀ tilẹ̀ ga lónìí nítorí ohun tí Wàsíù wá dà lẹ́yìn náà.

Ace tí Ṣínà Peters gbé jáde ní 1989 ni mo fẹ́ sọ kalẹ̀ díẹ̀ lórí àga tí a gbé e sí. Láolú Akins ló bá a ṣe é, ó sì mọ iṣẹ́: ó mú ìlù jùjú sáré, ó jẹ́ kí gìtá mọ́ lóló, ó fi ìlù òyìnbó tì í lẹ́yìn. Ìgboro gbaná. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń sá fún jùjú padà wá. N kò lè bu ìyẹn kù. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, apá kan nínú rẹ̀ ń fi ara obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, a sì ń lù ú níwájú àwọn ọmọ wa obìnrin láìbìkítà. Àwọn ìyá tó ń jó o máa ń dákẹ́ nígbà tó bá dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń lọ, ẹnu wọn kì í gbè é.

Ti àwọn olówó ńkọ́? Ìdajì ojú rẹ́kọ́ọ̀dù ló sábà máa ń jẹ́ tiwọn: alága kan, oníṣòwò kan, aya rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó wọn ló gbé ẹgbẹ́ olórin ró, a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni díjè ń fò. Èmi náà ti fẹ́ sọ pé oríkì ẹni ló ń pa orin, àmọ́ Òrókì Social Club dá mi lẹ́kun. Orin tí Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ fún ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ní 1971 ni, a ṣì ń lù ú káàkiri Ọ̀ṣun. Ẹgbẹ́ àti ìlú ló kì, kì í ṣe àpò ẹnì kan, Òrókì sì ni gbogbo ọmọ Òṣogbo. Hárúnà kú ní 1983. Àyìnlá Ọmọwúrà ti ṣáájú rẹ̀ ní oṣù May 1980, nígbà tí wọ́n ṣe é léṣe nínú ìjà l'Ábẹ́òkúta. Ikú àwọn méjèèjì mú kí àpàlà, irú orin tí wọ́n ń kọ, dín kù, kò sì sí nínú àwọn tó gba ipò wọn tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu bíi tiwọn.

Wákà àwọn obìnrin ni a ṣe àìdáa sí jù. Sàláwà Àbẹ̀ní ń ṣe àwo jálẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, fún Leader Records títí di 1986, lẹ́yìn náà fún iléeṣẹ́ Kollington. Ohùn rẹ̀ kò sì kéré sí ti ọkùnrin kankan tí mo dárúkọ. Síbẹ̀ nínú àkójọ orin àtijọ́ tí wọ́n ń tà fún wa nídìí kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n ti ń da orin sínú káàdì fóònù, kìkì ọkùnrin ló kún un. Mo ti béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń da orin náà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè.

Ó ku àwọn orin tí kò ti ilẹ̀ Yorùbá wá, tí ó sì jẹ́ tiwa ní Èjìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ju bí ó ti jẹ́ ti ará Ìbàdàn tàbí Èkó lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn èèyàn wa ti ń lọ sí Côte d'Ivoire. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé tí kò ní ará Àbíjáǹ. Èdè Faransé kì í ṣe àjèjì lójà Èjìgbò, bẹ́ẹ̀ ni owó sẹ́fà. Ní 1982, Alpha Blondy, olórin ibẹ̀, gbé Jah Glory jáde, “Brigadier Sabari” sì wà nínú rẹ̀. Èdè Júlà ló fi sọ bí ọlọ́pàá ṣe kó àwọn èèyàn lóru, tí wọ́n sì lù wọ́n. Ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó ń tajà ní Treichville tàbí Adjamé gbọ́ Júlà, ó sì mọ ọlọ́pàá tó ń béèrè ìwé lóru. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálé nígbà ọdún. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2002 tí ọ̀pọ̀ sì sá padà, orin náà tún wá pẹ̀lú wọn, ó sì ti di orin àwọn bàbá báyìí. Bí wọ́n bá lù ú lóde, àwọn kan ló ń dìde, àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí, wọn a sì dúró sójú kan náà láti gbè é. Kò sí àkójọ orin ẹ̀wádún yẹn kan tí mo tíì rí nílẹ̀ Yorùbá tó fi orin yìí sínú rẹ̀. Tiwa níbí gbọ́dọ̀ ní in, kó jókòó ti Sunny Adé, kí wọ́n sì fi ti Sàláwà sí àárín.